Ẹ Má Wó Yàrá Owó

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tó yẹ ká dá sí nínú ilé báńkì àtijọ́ kan tí wọ́n ti tì pa ní Ìkàrẹ́, n kò ní mẹ́nu kan òrùlé rẹ̀. Káńtà ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà yàrá owó. Iṣẹ́ kaṣíà ni mo ṣe níbẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì sílé wa ní Ọ̀kà. Mo wá ń gbọ́ báyìí pé àwọn kan fẹ́ rà á, kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Báńkì ò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Bank of British West Africa, èyí tó di First Bank, ti wà l'Ékòó láti 1894, ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ ojú omi àti rélùwéè bá dé ni àwọn òyìnbó ń wò, rélùwéè ò sì gba Àkókó. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dá tiwọn sílẹ̀: National Bank ní 1933, Báńkì Agbọ́nmágbẹ ní 1945, èyí tó ń jẹ́ Wema láti 1969. Ní 1977 ni Báńkì Àpapọ̀ wá pàṣẹ pé kí àwọn báńkì lọ ṣí ẹ̀ka sí ìgbèríko, ẹ̀ka 200 ní ìpele àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ò mọ̀wé. Bí wọ́n bá ti ta kòkó tán, wọ́n á wọkọ̀ láti Ọ̀kà, wọ́n á gba Akùngbá, wọ́n á sì ti dé kí a tó ṣílẹ̀kùn. Màá gba ìwé ìfowópamọ́ wọn, màá fún wọn ní táálì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, wọ́n á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí màá fi pè wọ́n. Ẹni tí kò lè buwọ́ lùwé á ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, á tẹ̀ ẹ́ síwèé, á wá nu ìka náà sára ògiri tó wà lápá ọ̀tún káńtà. Ọdọọdún ni máníjà ń ní kí wọ́n kun ògiri yẹn, ọdọọdún náà ni àwọ̀ elésè àlùkò ń padà bọ̀. Ọ̀dà ti ń bó lára rẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá súnmọ́ ọn, ẹ ó rí ipa àtàǹpàkò lórí àtàǹpàkò, títí dé ibi tí ọwọ́ ẹni tó dúró lè dé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ni ìka wọ̀nyẹn ti kú. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi owó náà rán níwèé wà káàkiri ayé.

Ní oṣù Kẹrin 1984, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Buhari pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, mo rí owó tó ti inú ìkòkò jáde, mo rí èyí tó ti abẹ́ ibùsùn jáde. Òmíràn ti hu, ikán ti jẹ òmíràn. Bàbá kan láti Ìwárò di tirẹ̀ sínú aṣọ òfì àtijọ́, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Ọmọ ta ni ọ́?” Nígbà tí mo dárúkọ bàbá mi, ó tú ẹrù náà síwájú mi. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ wa ni owó rẹ̀ ń gbé.

Yàrá owó ni irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Kò ní fèrèsé. Kọnkéré onírin ni ògiri rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Máníjà ń mú ọ̀kan, akáńtáǹtì ń mú èkejì, ẹnì kan ò sì lè dá wọlé bó ti wù kó ga tó lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń bi wá láàárọ̀ pé ṣé àwọn méjèèjì ti dé.

Orúkọ ara báńkì ò dúró. Owena Bank tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Òǹdó dá sílẹ̀ di Omegabank. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí, tí báńkì 89 di 25, Omegabank wọ inú Spring Bank. Ìyẹn di Enterprise Bank ní 2011, Heritage Bank rà á, Báńkì Àpapọ̀ sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2024. Bí a bá ń wá ìtàn báńkì lára pátákó orúkọ, a ò ní rí i. Inú ilé ló wà.

Òfin nìkan ò sì lè dáàbò bò ó. Ìjọba ti kéde Ìlójò Bar l'Ékòó gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Èyí tó dùn mọ́ mi ni ti ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà ní Broad Street, tó di ọgbà Freedom Park ní 2010: ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ni wọ́n sọ di pèpéle eré. Wọ́n rí iṣẹ́ tuntun fún un, wọn ò sì pa ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Ẹni tó bá ra ilé ti Ìkàrẹ́ lè ṣòwò nínú rẹ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n yàrá owó dára fún ìwé ilẹ̀, fọ́tò àti àkọsílẹ̀ àwọn ẹbí tí iná àti ikán ń jẹ run ní Àkókó. Ọba méjì ló wà ní Ìkàrẹ́, ẹjọ́ tó wà láàrin ààfin méjèèjì sì ti pẹ́. Kí kọ́kọ́rọ́ kan wà ní ààfin kan, kí èkejì wà ní ìkejì. Ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi gíláàsì bò kí òjò tó dé, torí òrùlé ti ń jò lápá ibẹ̀. Mo ṣe tán láti bá ẹni tó bá fẹ́ rà á wọlé, kí n fi ibi tí kò gbọdọ̀ kùn hàn án.