Ìdí Tí Ẹ̀wà Fi Ń Tètè Rọ̀ Nínú Ìkòkò Pírẹ́ṣọ̀

Ẹ̀wà wà lára oúnjẹ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dáná fúnra rẹ̀ máa jẹ lóòrèkóòrè. Ó ń mú ara le, kì í tètè bàjẹ́ bí kòkòrò kò bá dé ibẹ̀, ẹni tí owó ẹran kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi rọ́pò ẹran. Síbẹ̀, ẹ wo inú yàrá ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́, páálí Indomie lẹ ó kọ́kọ́ rí. Kì í ṣe pé a kórìíra ẹ̀wà. Gáàsì là ń ṣírò. Ìkòkò ẹ̀wà tó bá lo wákàtí kan ààbọ̀ lórí kámúgáàsì ti jẹ nínú gáàsì tó yẹ ká fi parí ọ̀sẹ̀, ẹni tó ń sè é á sì ti fi búrẹ́dì pa ebi kí ẹ̀wà tó jinná.

Àwọn kan wá ń wá ọ̀nà àbùjá. Káún ni ti àwọn àgbà, ó ti pẹ́. Èyí tó ń bani lẹ́rù ni ti àwọn tó ń ju oògùn parasitámọ́ọ̀lù sínú ìkòkò kí ẹ̀wà lè tètè rọ̀. Ohun tí wọ́n ń fi káún àti oògùn wá yìí, ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ ń ṣe é pẹ̀lú omi lásán. Bí a bá mọ bó ṣe ń ṣe é, a ó tún mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ìkòkò náà fi ń lò ó tí gáàsì wọn kò sì yé tán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀wà fúnra rẹ̀. Èdè wa ya ohun méjì sọ́tọ̀ níbí: ẹ̀wà lè jinná kó má tíì rọ̀. A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó bá tọ́ ọ wò: "Ó ti jinná o, àmọ́ kò tíì rọ̀." Ọ̀rọ̀ méjèèjì bá iṣẹ́ méjì tó ń lọ nínú ìkòkò mu. Àkọ́kọ́ ni pé omi gbọ́dọ̀ wọ inú kóró ẹ̀wà, kí sítáàṣì inú rẹ̀ mu omi náà kó sì wú. Nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, adùn ẹ̀wà tútù kúrò lẹ́nu; ó ti jinná. Ìkejì le jù ú lọ. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀wà tó lẹ gbogbo ara kóró náà pọ̀ bí àtè tí àwọn ọmọdé fi ń mú ẹyẹ. Pectin ni wọ́n ń pè é. Àfi kí àtè yìí yọ́ kí kóró ẹ̀wà tó lè fọ́ lẹ́nu láìjẹ́ pé a rún un. Ẹ̀wà tó bá ti pẹ́ nínú àpò, pàápàá níbi tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin, àtè rẹ̀ á ti le sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà ọdún tó kọjá fi máa ń ya olóríkunkun, bó ti wù kí ẹ bẹ̀ ẹ́ tó.

Yíyọ́ àtè yìí ló ń jẹ gáàsì. Ọ̀pọ̀ wa sì gbà pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe yá tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ní ìwúwo, ó sì ń tẹ ojú omi mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo. Bí omi bá ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ooru inú rẹ̀ ń wá ọ̀nà àtijáde. Ọjọ́ tí agbára ooru náà bá bá ti afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ dọ́gba ni omi á hó, ìyẹn ní 100°C ní àwọn ìlú tí kò ga púpọ̀ sí òkun. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo iná tí ẹ bá kó sí i, sísọ omi di ooru ló bá lọ. Omi tó kù nínú ìkòkò kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkòkò tó ń hó tó ń da omi sórí sítóòfù àti èyí tó ń hó jẹ́jẹ́, ìgbóná kan náà ló wà nínú wọn. Èyí tó ń da omi yẹn kàn máa tètè gbẹ ni, ẹ ó tún bu omi tútù sí i, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì, fún àwa tí a ń retí ìwé ìpè àgùnbánirọ̀. Ìlú náà ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sí òkun. Afẹ́fẹ́ tó ń tẹ omi níbẹ̀ fúyẹ́ ju ti Èkó lọ, nítorí náà omi máa ń hó ní nǹkan bí 96°C. Ẹ ó rí i lójú pé ó ń hó dáadáa, ẹ ó sì máa ṣe kàyéfì ìdí tí ẹ̀wà fi pẹ́ ju ti ilé lọ.

Bí afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ bá lè dín ìgbóná omi kù, ohun tó bá wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ á fi kún un. Gbogbo idán ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú ọmọrí rẹ̀ ló sì wà. Rọ́bà tó yí etí ọmọrí ká dí gbogbo àlàfo. Ihò kan ṣoṣo ló wà tí ooru ń gbà jáde, irin kékeré kan tó wúwo sì jókòó lé e. Ooru kò rí ibi gbà, ó ń kó jọ, òun pẹ̀lú afẹ́fẹ́ sì jọ ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Nínú ìkòkò tí wọ́n ṣe fún òṣùwọ̀n 15 psi, ohun tó ń tẹ omi tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, omi á sì gbóná dé nǹkan bí 120°C. Bí agbára ooru bá ti ju ìwúwo irin yẹn lọ, irin á gbéra, ooru díẹ̀ á yọ ṣííì, irin á tún jókòó. Ìwọ̀n 20 tó lé yẹn lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ àtè tó ń lọ́ra ní 100°C máa ń yọ́ wìtìwìtì ní 120°C. Ẹ̀wà tí ì bá gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 25.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Denis Papin, ló ṣe irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1679, ó sì tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀ ní 1681. Eegun ló fẹ́ máa fi sè kó rọ̀, kì í ṣe ẹ̀wà. Òun náà ló ronú kan ohun tí yóò máa tú ooru sílẹ̀ kí ìkòkò má baà bú.

Káún ní tirẹ̀ kì í fi ohunkóhun kún ìgbóná omi. Àtè náà ló ń bá jà tààrà, ó ń tú u ká. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àwọn ìyá wa kò purọ́. Àmọ́ ó ń ba fítámì B1 tó wà nínú ẹ̀wà jẹ́, bó bá sì pọ̀ jù, oúnjẹ á máa ta bí ọṣẹ lẹ́nu. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá ìyá rẹ̀ jà nítorí káún. Ẹni tó ní pírẹ́ṣọ̀ kò kàn nílò rẹ̀ ni.

Ti parasitámọ́ọ̀lù kò ní àríyànjiyàn nínú. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ pé ká yé fi se ẹran àti ẹ̀wà, nítorí jàǹbá tó lè ṣe fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ẹni tó ń jẹ irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ kò mọ iye oògùn tó wà nínú àwo rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ lọ́jọ́ náà tó sì lo méjì sí i, ó ti kọjá ibi tó rò pé òun wà. Bí ẹnì kan bá ń ṣe é nínú yàrá yín, ẹ sọ fún un.

Iyọ̀ ni wọ́n ń parọ́ mọ́. Wọ́n ní kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ díẹ̀ nínú omi tí a fi rẹ ẹ̀wà ń ràn án lọ́wọ́ ni, torí sodium inú rẹ̀ ń lé calcium tó ń mú àtè náà le kúrò. Tòmátò ló yẹ ká máa bá wí. Ohun kíkan kì í jẹ́ kí àtè yìí yọ́ bọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀ tán kí ẹ tó da ata àti tòmátò sí i. Omi náà tún lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọṣẹ kì í bá fẹ́ hó nínú omi kànga ilé tí ẹ ń gbé, calcium àti magnesium ló pọ̀ nínú rẹ̀, yóò sì yọ ẹ̀wà yín lẹ́nu bó ṣe ń yọ ọṣẹ lẹ́nu. Ẹ fi omi òjò tàbí píọ̀ wọ́tà sè é.

Mo ní kí ọṣẹ hó, mo sì ti ń sọ láti òkè pé omi ń hó. Èrò ọjà náà máa ń hó. Ìkòkò ẹ̀wà nìkan ni mo mọ̀ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé lábẹ́ ọmọrí kan: omi ń hó, ìfófó ń hó, irin orí rẹ̀ sì ń pariwo. Ìfófó yẹn ni kí ẹ ṣọ́, torí ó lè gbé èèpo ẹ̀wà lọ dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Nítorí rẹ̀ ni ẹ̀wà àti omi kò fi gbọdọ̀ kọjá ìdajì ìkòkò, nítorí rẹ̀ náà la sì fi ń da ṣíbí òróró kan sí i, tó máa ń pa á. Kí ẹ tó dé ọmọrí, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo inú ihò náà. Bí ẹ kò bá rí òdìkejì, ẹ má tíì dáná.

Ife omi mẹ́ta sí ife ẹ̀wà kan ti tó. Ẹ fi iná ńlá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí irin bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù: wọ́n á fi iná náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìkòkò á máa pariwo, gbogbo ilé á mọ̀ pé wọ́n ń se ẹ̀wà. Ariwo yẹn ni gáàsì yín tó ń gba ihò jáde. Irin yẹn ló ń pinnu bí omi ṣe máa gbóná tó, iná kò lè fi nǹkan kan kún un mọ́. Ẹ dín iná kù títí yóò fi ku èyí tó kàn lè mú kí ooru díẹ̀ máa yọ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú láti ìgbà náà.

Iye ìṣẹ́jú yàtọ̀. Irú ẹ̀wà tí àjọ IITA ní Ìbàdàn kó pamọ́ ju 15,000 lọ, ẹ kò lè retí kí gbogbo wọn gbọ́ àṣẹ kan náà. Olóyin tuntun lè rọ̀ ní ìṣẹ́jú 15. Èyí tó ti pẹ́ lè dé 25. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ lè yọ tó ìdajì. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹlẹ́wà tuntun, ẹ fún un ní 15, ẹ ṣí i wò, kí ẹ sì kọ iye tó gbà sára ike tí ẹ kó o sí.

Bí àkókò bá pé, ẹ pa iná kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀wà á ṣì máa rọ̀ nínú rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má gbé irin náà kúrò pẹ̀lú ìkánjú, omi ẹ̀wà gbígbóná máa ń tú jáde níbẹ̀. Ọmọrí tó bá kọ̀ tí kò ṣí, ooru ṣì wà nínú rẹ̀ ni, ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí ṣíbí tì í. Bí ooru bá ń gba etí ọmọrí jáde, rọ́bà ló ti gbó, òmíràn ni kí ẹ lọ rà. Ẹ má dán an wò láti gbé ọmọ odó tàbí òkúta lé irin náà lórí kó lè "gbé ooru dúró". Àdó olóró nìyẹn.

Ní ti ìsó, ìkòkò yìí kò ṣèlérí púpọ̀. Àwọn ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ikùn wa kò lè dà, àwọn kòkòrò àìrí inú ìfun ló ń bá wa jẹ wọ́n, ìyókù ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń gbé yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin, kó rẹ ẹ̀wà mọ́jú kó sì da omi náà nù. Díẹ̀ nínú wọn á bá omi lọ.

Ẹ̀wà àgànyìn ni pírẹ́ṣọ̀ mọ̀ ọ́n sè jù lọ, nítorí rírọ̀ yẹn gan-an la ń wá níbẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi orógùn rún un gbígbóná. Ata rẹ̀ ni kò ní àbùjá: àlùbọ́sà gbọ́dọ̀ dín nínú epo pupa títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ata gbígbẹ á sì tẹ̀ lé e lórí iná tí kò le. Gáàsì tó ṣẹ́kù lára ti ẹ̀wà, ibẹ̀ ni kí ẹ ná an sí.