Afárá Méjì ní Bonabéri

Ẹni tí ó bá ti Douala lọ sí Bonabéri yóò rí afárá méjì lórí odò Wouri: ti 1955, àti èyí tí a ṣí ní 2017. Tuntun dé, a kò wó ògbólógbòó.

Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ojú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní 2011, GNOME 3, tí a kọ́ lé GTK 3, gba ipò GNOME 2 lórí Linux. Àtòjọ ètò àti bọ́tìnnì tí ọwọ́ ti mọ̀ pòórá. Akọ̀wé tí ó ti di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ rẹ̀ jí, ó di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, a kò sì bi í léèrè! Ta ni kò ní bínú?

Ọmọ Argentina kan gbé GNOME 2 dìde, ó sọ ọ́ ní MATE, orúkọ ewé tí wọ́n ń rẹ mu bíi tíì níbẹ̀. Ní 2017, MATE náà kọjá sórí GTK 3, ṣùgbọ́n àtòjọ àti bọ́tìnnì rẹ̀ kò kúrò níbi tí ojú ti mọ̀ wọ́n.