Ìdí tí ọkọ̀ àtijọ́ tó ṣọ̀wọ́n kì í fi í níyì lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Akúrẹ́ wọ ìlú Ìdànrè, Aládé ni yóò kọ́kọ́ bá kó tó máa lọ sí Odòde. Iṣẹ́ kòkó ni a fi ń mọ agbègbè náà láti ọjọ́ pípẹ́, ohun tí owó kòkó sì ṣe níbẹ̀ láyé ọjọ́un kò kéré: ó kọ́ ilé, ó rán ọmọ níléèwé, ó sì ra ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo bàbá àgbẹ̀ kan níbẹ̀ tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1977, tó lò ó títí agbára ọkọ̀ náà fi pin, tó wá gbé e sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá kú, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Koríko yí i ká, adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń ra irin àlòkù dé, ó ní òun yóò gbé ọkọ̀ náà lé ìwọ̀n, òun yóò sì san iye tí irin ń lọ lọ́jà. Àwọn ọmọ wo ara wọn lójú. Ṣé kí wọ́n tà á ni, àbí kí wọ́n má tà á?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìdílé kan ṣoṣo, nítorí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ sínú iná ìléru lójoojúmọ́ ní ilẹ̀ wa, wọ́n ń yọ́ wọn di irin ìkọ́lé. Àwọn kan nínú wọn ti di ọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ogún ọdún òde òní kò rí irú wọn rí. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé bí wọ́n ti ṣọ̀wọ́n tó, kò sí ẹni tó ń wá wọn. Kí ló fà á?

Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yọjú sí Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi owó tabua ra ọkọ̀ àtijọ́. Ní ọdún 1964 ni Pontiac gbé ọkọ̀ GTO jáde. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ inú ọkọ̀ tí kò tóbi jù, kí ọ̀dọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè rí ọkọ̀ tó ń sáré bí àṣá rà. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù tẹ̀ lé wọn. Àmọ́ àsìkò àwọn ọkọ̀ alágbára wọ̀nyí kò pẹ́. Owó ìdójútòfò wọn gun òkè, òfin lórí èéfín le sí i, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà, epo di ọ̀wọ́n gógó, ọkọ̀ tí ń mu epo bí ẹni mu omi kò sì rí ẹni rà á mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá nìyí. Ọ̀wọ́n epo tó ba ọjà àwọn ọkọ̀ yẹn jẹ́ ní Amẹ́ríkà ni ó rọ̀jò owó sí àpò ìjọba Nàìjíríà. Nínú oṣù kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa: Peugeot ní Kàdúná, àti Volkswagen lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó. Àsìkò náà gan-an ni owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé tí wọn kò ronú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra tuntun. Nítorí náà, bí ará Amẹ́ríkà ṣe ń rántí GTO, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rántí Peugeot 504 àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá. Ìgbà èwe orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n jẹ́ ẹ̀rí sí.

Ìdí kìíní tí ọkọ̀ tó ṣọ̀wọ́n kì í fi í níyì ni pé ọ̀wọ́n nìkan kọ́ ní í sọ nǹkan di iyebíye. Buick GSX ti ọdún 1970, 678 péré ni wọ́n ṣe lọ́dún náà. Ford Mustang ti ọdún 1968 ní tirẹ̀ lé ní 300,000. Tó bá jẹ́ pé ọ̀wọ́n ló ń mú ọkọ̀ níyì, Buick ni ì bá borí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2020, Mustang ti 1968 kan ni wọ́n lu ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 3.4 dọ́là, láìka owó alágbàtà mọ́ ọn. Ohun tó gbé e dé ibẹ̀ kò ju pé òun ni Steve McQueen wà nínú sinimá kan tí wọ́n ń pè ní Bullitt. Buick kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ àwọn àgbàlagbà tó rí jájẹ ni wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ́ kò sì fi í ṣe àlá.

Àwa náà ní àpẹẹrẹ tiwa. Mercedes-Benz dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní Èkó, lọ́jọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Oníkàn, pẹ̀lú ihò ọta ìbọn lára rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni irú Mercedes bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí nígbà náà. Ìtàn ló yà á sọ́tọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá sí ẹni tó lè sọ ìtàn rẹ̀, irin lásán ni lójú ẹni tó ń kọjá.

Ìdí kejì ni ti ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú Volkswagen Igala. Àwọn Volkswagen ilẹ̀ Brazil ló ṣe ọkọ̀ yìí, tí wọ́n sọ ọ́ ní Brasília, tí wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1973. Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ń tò ó pọ̀ ní Èkó, wọ́n sì fún un ní orúkọ tuntun, Igala. Orúkọ náà bá ti ẹ̀yà kan ní ìpínlẹ̀ Kogí mu, etí Yorùbá sì lè gbọ́ ìgalà inú igbó nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà bíi ti Ìjàpá, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, kò nílò omi. Kò sí ọkọ̀ tó yẹ kí a máa fi yangàn jù ú lọ: ọmọ ìyá Ìjàpá, tí a bí ní Brazil, tí a tò pọ̀ ní Èkó, tó ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ wa. Síbẹ̀, Ìjàpá ni gbogbo ayé ń rántí.

Ohun tó fà á kò farasin. Ìjàpá tí wọ́n ṣe káàkiri àgbáyé lé ní mílíọ̀nù 21 kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní Mẹ́síkò ní ọdún 2003. Ibi yòówù tí ó bá kú sí, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n. Mẹkáníìkì tó mọ Ìjàpá lè tún ẹ́ńjìnnì Igala ṣe, ṣùgbọ́n bí gíláàsì iwájú bá fọ́, tàbí tí ilẹ̀kùn bá jẹrà, níbo ni yóò ti rí òmíràn? Àwọn olówó Igala bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkan jẹ láti fi gba òmíràn là, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dín kù títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀wọ́n tó yẹ kó di iyì ló wá di ìyọnu sí ẹni tó ni ín lọ́rùn. Ti Peugeot 504 yàtọ̀, nítorí Kàdúná ń tò ó pọ̀ títí di àárín àwọn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ilẹ̀ Faransé ti dáwọ́ ti ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ dúró ní 1983.

Ìdí kẹta ni pé irinṣẹ́ ni ọkọ̀ jẹ́ fún wa. Bọ̀lẹ̀kájà onípákó, Bedford àti Austin, tó ń kó kòkó àti èrò láyé àtijọ́, ẹ wo bí àwọn káfíńtà ṣe fi ọgbọ́n kan ara wọn, tí àwọn akunlé sì kọ òwe àti àdúrà sí iwájú wọn. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í gbé ọkọ́ tí kò lè roko mọ́ sí pálọ̀. Nígbà tí pákó jẹrà, wọ́n fi dáná. Nígbà tí irin kú, wọ́n tà á. Lẹ́yìn ọdún 1986, tí owó náírà já wálẹ̀ lábẹ́ ètò ọrọ̀-ajé SAP, tí ọkọ̀ tuntun sì kọjá agbára òṣìṣẹ́, tòkunbọ̀ gba títì. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn 504 àti Igala ní kékeré kò rówó ra bùrẹ́dì dáadáa nígbà tí wọ́n dàgbà, áńbọ̀sì owó tí wọn yóò fi tọ́jú ọkọ̀ tí kò rìn. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà tí àwọn ọmọ ọdún 1968 di olówó ni iye ọkọ̀ àlá wọn fò sókè. Níhìn-ín, olùfẹ́ wà, owó ni kò sí.

Owó kòkó tún lè ṣe é lọ́nà mìíràn. Ní ọdún 2024, iye kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan. Ìgbà tí owó bá dé ni a máa ń tún ilé ṣe, tí a ń palẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mọ́, tí ọkọ̀ bàbá sì ń di ohun tó ń gbàyè lásán.

Àwọn ará Ìdànrè kò ṣàì mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930 ni àwọn bàbá wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ayé kọjú sí. Àwọn ilé tó kù lókè di àlàpà. Lónìí, àwọn àlejò ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ wo àwọn ilé náà, àjọ UNESCO sì ti kọ òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó ń retí ìdámọ̀ láti ọdún 2007. Ìyàtọ̀ kan ló wà: àlàpà kò kúrò níbi tó wà, ó dúró de ọmọ tí yóò mọyì rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti wọ ìléru kò ní í dúró de ẹnì kankan.

A kò wí pé kí a tọ́jú gbogbo àlòkù o. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán, tó di ilé ejò àti ẹ̀fọn, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ onírin, ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Ṣé ara ọkọ̀ ṣì pé, gíláàsì, iná àti ilẹ̀kùn? Ṣé ìwé rẹ̀ wà, tí nọ́ńbà inú ìwé bá ti ara irin mu? Ṣé ẹnì kan ṣì wà láàyè tó lè sọ ọdún tí wọ́n rà á àti ibi tó gbé ìdílé yín dé? Bí bẹ́ẹ̀ ni bá jẹ́ ìdáhùn, ẹ gbé òrùlé lé e, ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù kí táyà má fara kan ilẹ̀, ẹ fa epo inú rẹ̀ dà nù, kí ẹ sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò. Kò ná yín ní ohun púpọ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ tà á, ẹni tó mọ ohun tó ń rà ni ẹ ó tà á fún, kì í ṣe ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ní kílò.

Àwọn ọmọ tó dúró yí ọkọ̀ bàbá wọn ká ní ẹ̀yìnkùlé mọ iye tí onírin yóò san. Ohun tí wọn kò tíì bi ara wọn ni iye ìkórè kòkó tí bàbá fi rà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ìyá àgbà léèrè, kí wọ́n tó dá onírin lóhùn.