Ará Kétu ní Ọjà Akẹ̀sán

Bí ẹnìkan bá bi yín pé ta ni àjèjì ní ìlú Ọ̀yọ́, ó dá mi lójú pé ẹ kò ní í dárúkọ ará Kétu. Ọmọ Odùduwà kan náà ni wá, èdè kan náà ni ìyá wa fi rẹ̀ wá lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ààlà wọn yóò gbà, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé sì ni Kétu bọ́ sí. Nítorí náà, nígbà tí mo dé Ọ̀yọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2023 láti wá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní èdè Faransé, ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ mi, owó séfà ni ó sì wà nínú àpò mi. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣe ní ọdún 1979 fún mi ní àyè láti wọlé fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Àdéhùn náà kò sọ bí n ó ṣe máa jẹun.

Owó ilé ni ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Oṣooṣù ni mo ti ń san owó ilé tẹ́lẹ̀ ní Kétu. Ní Ọ̀yọ́, owó ọdún kan gbáko ni onílé ń gbà ṣáájú, owó àgírímẹ́ǹtì àti ti ajẹ́ńtì a sì tún gun orí rẹ̀. Mo ṣẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú séfà mi lọ́dọ̀ àwọn Hausa tí ń ṣẹ́ owó, mo sì san án fún yàrá kan. Ìyókù náírà ni mo fi ra fóòmù, korobá méjì, ìkòkò kan àti ìdáná eléédú. Ilé ẹ̀kọ́ ní inú báǹkì nìkan ni àwọn ń san owó oṣù sí. Báǹkì ní kò sí bí àwọn ṣe lè ṣí àpò owó fún ẹni tí kò ní BVN, àti pé kí àjèjì tó gba BVN, ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Báyìí ni mo ṣe di olùkọ́ tí ń ṣiṣẹ́ tí kò sì sí ibi tí owó rẹ̀ lè balẹ̀ sí.

Iwájú ààfin ni ọjà Akẹ̀sán wà. Iná jó o ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ sì tún un kọ́, nítorí náà ìsọ̀ tuntun ni mo bá. Kò sí ọba lórí ìtẹ́ nígbà náà. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta ti wàjà ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo yà sọ́dọ̀ ìyá elélùbọ́ kan, bí mo ti la ẹnu báyìí ni ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé Ṣakí ni o ti wá ni?”

“Rárá, mà. Kétu ni.”

“Kétu ti Èkó? Ti Mile 12?”

Ẹ̀yin òǹkàwé, Kétu ti Èkó yìí ni gbogbo ọjà mọ̀. Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Níkẹyìn, mo gbà kí wọ́n máa pè mí ní Àǹtí Faransé.

Nǹkan kéékèèké ni ó ń fi àjèjì hàn. Ọ̀kadà ni wọ́n ń pe ohun tí àwa ń pè ní zémìjàn. Búrẹ́dì wọn rọ̀, ó sì dùn bí ẹni fi ṣúgà pò ó; àwa ti mọ́ búrẹ́dì gígùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Bí a ṣe kọ́ mi láti kọ èdè wa sílẹ̀, ɔ àti ɛ ni a ń lò níbi tí ẹ̀yin ti ń fi àmì sí abẹ́ ọ àti ẹ, kp ni a sì ń kọ níbi tí ẹ ti ń kọ p. Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti bẹntiróòlù. Nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ni a ti ń rà á ní Kétu, láti Nàìjíríà ni wọ́n sì ti ń gbé e wá. Mo dé Nàìjíríà tán, mo bá àwọn onímọ́tò tí wọ́n tò lọ rẹrẹ ní ilé epo nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀ ju àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi lọ. Ní ọjọ́ kan, ìyá aláta ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ni ata òun. Méjì nínú wọn tí wọ́n tẹ̀lé mi wo ara wọn lójú. Wọn kò mọ̀ pé 700 ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, “Ẹ gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta,” ìyá ní ó di ẹgbẹ̀ta, mo san án, ó sì fi ata mẹ́ta ṣe èènì. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá parí ẹ̀kọ́ Faransé, mo máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́ wọn ní owó kíkà.

Kò sí ohun tí ó dà bí ìtàn nínú ọjà bí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Láyé owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ, tí í ṣe ẹrù odidi aláàárù kan. Owó yìí ni wọ́n ń ná nígbà tí Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù láti Georgia ní Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1855. Ní ọdún 1858 ni ilé iṣẹ́ Smithsonian tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde. Mo máa ń ronú kan ọkùnrin yìí, àjèjì tí ó ní láti bẹ aláàárù lọ́wẹ̀ kí ó tó lè lọ ra ẹrù ńlá lọ́jà.

Ní tèmi, owó kò wúwo. Kò sí ni. Báǹkì àgbà Nàìjíríà ti kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé òun yóò pààrọ̀ owó bébà igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà. Wọ́n sún ọjọ́ tí ti àtijọ́ yóò kásẹ̀ nílẹ̀ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 2023. Wọ́n ń gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tuntun kò sì tó láti fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn oní-POS ń ta owó bí ẹni ń ta iyọ̀: kí o tó gba 1,000, o ó san 1,200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ní àpò owó ní báǹkì ń fi fóònù ránṣẹ́. Èmi kò ní i, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ séfà mi mọ́. Àwọn tí ń ṣẹ́ owó pàápàá kò ní náírà tí wọn yóò fi ṣẹ́ ẹ.

Ìyá elélùbọ́ ni ó kọ́kọ́ tà mí láwìn. Ó fi ẹfun kọ “Àǹtí Faransé” sára pákó ìsọ̀ rẹ̀, ó ń fa ilà sí abẹ́ rẹ̀. Ilà méje ni ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì. Òun náà ní ibi tí ó ti ń ra iṣu gbígbẹ, wọn kò sì tà á láwìn fún òun. Ní alẹ́, mo máa ń ka ilà yẹn lọ́kàn ju bí mo ti ń ka ìwé lọ. Mo ti ń bèèrè iye tí mọ́tò ń gbà dé ẹnubodè.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ni ó ní kí n gbìyànjú Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ kò fi òwò òkè òkun ṣeré. Mo wọ mọ́tò ní àárọ̀ Sátidé. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n ti ń kọ́ láti ọdún gbọọrọ kò tíì parí, nítorí náà ọ̀nà tóóró àtijọ́ ni a gbà láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, ọkàn mi kò sì balẹ̀ títí a fi dé. Ìtẹ́ ọba ṣófo níbẹ̀ náà: Ṣọ̀ún Oyèwùmí ti wàjà ní oṣù kejìlá ọdún 2021.

Obìnrin tí wọ́n júwe fún mi ń ta àǹkárá, Ìyá Támálè ni wọ́n ń pè é. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó gbọ́ ohùn mi, ó sì dáhùn pé, “Bonne arrivée!” Ẹ̀rín àti ẹkún fẹ́ gbà mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti gbé Kútọnu fún ọdún mẹ́rin, ó sì ṣì ń lọ ra aṣọ ní ọjà Dàǹtókpá.

Támálè ní àríwá Gánà ni wọ́n ti bí i. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìjọba Busia, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ń ṣòwò níbẹ̀ nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ta ọjà ìsọ̀ rẹ̀ ní ìdajì owó. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ kò gba inú ọkọ̀, aládùúgbò wọn kan tí í ṣe Dàgọ̀m̀bá ní kí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, awakọ̀ kan gbé ẹ̀rọ náà dé Ògbómọ̀ṣọ́. “Òróró ṣì wà lára rẹ̀,” ni ó wí. “Ó ń bá wa fi òróró sí i.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bi mí ní iye séfà tí ó wà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó sì fi í sínú àpò ìgbànú rẹ̀, nítorí pé séfà ni yóò ná ní Dàǹtókpá. Ó gba nọ́ńbà báǹkì ìyá elélùbọ́ lẹ́nu mi, ó sì fi náírà ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni owó náà tó wọlé. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n wọn ìrẹsì, ẹ̀wà, láfún àti epo pupa fún mi, ó sì kọ ọ̀kẹ́ kan náírà sí mi lọ́rùn.

“Ìgbà wo ni n ó san án, mà?”

“Ìgbà tí owó bá dé.”

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ pàṣẹ pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún náà, díẹ̀díẹ̀ ni owó sì ń jáde. Ìwé mi pé ní oṣù kẹrin, báǹkì ṣí àpò owó fún mi, owó oṣù mẹ́ta sì wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ìyá elélùbọ́ ti fi omi nu orúkọ mi kúrò lára pákó nígbà náà. Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú 20,000 náírà nínú àpò ìwé. Ìyá Támálè kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó dá a padà fún mi, ó ní èènì ni, ó sì pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀, pẹ̀lú ìwé Faransé lọ́wọ́.