Kannakánná: ìdámọ̀, ìṣe àti ìlò ọ̀rọ̀ náà

Kannakánná (ọ̀rọ̀-orúkọ): ẹyẹ ńlá aláwọ̀ dúdú tí àyà rẹ̀ funfun. Corvus albus ni orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ìdámọ̀. Orí, ọ̀fun, ìyẹ́ apá àti ìrù rẹ̀ dúdú, wọ́n sì ń dán. Funfun àyà rẹ̀ yí ọrùn ká dé ẹ̀yìn. Àgógó rẹ̀ dúdú, ó sì nípọn. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 46 sí 50. Akọ àti abo jọra. Ẹyẹ tí ó bá dúdú látòkè délẹ̀ kì í ṣe kannakánná.

Ìṣe. Kannakánná kì í jìnnà sí ibùgbé ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń wá a ní Benson, ní Ìkòròdú, tàbí ní Ẹ̀pẹ́, kí ó gbójú sókè wo òpó iná àti òrùlé, kí ó sì wo ààtàn. Ó ń jẹ kòkòrò, alángbá, ọkà, òkú ẹran àti àjẹkù oúnjẹ. Ó sì ń jí ẹyin àti ọmọ ẹyẹ mìíràn gbé. Orí igi gíga ni ó ń fi ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kọ́ ìtẹ́ sí. Ẹyin 4 tàbí 5 ni ó sábà máa ń yé, yóò sì sàba lé wọn fún bí ọjọ́ 18.

Ìlò. Ohùn rẹ̀ ha. Nítorí náà, a máa ń wí pé ó ń ké, a kì í wí pé ó ń kọrin: “Kannakánná ń ké lórí òrùlé.” “Kannakánná ti gbé òròmọdìẹ kan lọ.”

Àmì ohùn. Kannakánná ni ẹyẹ. Kànnàkànnà ni ohun tí a fi ń ta òkò, irú èyí tí Dáfídì fi pa Gòláyátì. Bí a kò bá fi àmì sí “Kannakanna ni mo rí,” òǹkàwé kò ní mọ èyí tí a ń wí.

Fún atúmọ̀ èdè. Ìwò ni Bíbélì Yorùbá pe ẹyẹ tí Nóà rán jáde nínú ọkọ̀ àti àwọn tí ó bọ́ Èlíjà. Kí a má ṣe fi kannakánná rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Ẹyẹ kan tún wà ní Yúróòpù, Turdus merula, tí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì kò ju “ẹyẹ dúdú” lọ. Akọ rẹ̀ dúdú, àgógó rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Abo rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀. Kì í gbé ilẹ̀ Yorùbá. Olórin dídùn ni, àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ràn láti dárúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ nípa ìrọ̀lẹ́ tí ó tuni lára. Bí atúmọ̀ bá kọ kannakánná síbẹ̀, ajààtàn tí ń jí òròmọdìẹ gbé ni yóò wá sọ́kàn òǹkàwé, adùn ìtàn náà yóò sì sọnù. Ó sàn kí a kọ “ẹyẹ dúdú kékeré kan, ẹlẹ́nu ìyeyè” ní ìgbà àkọ́kọ́, kí a sì máa pè é ní “ẹyẹ náà” lẹ́yìn èyí.