Orí ń fọ́ ọmọ yín bí iléèwé bá ti fẹ́ wọlé? Ẹ má tíì nà án o!

Bí ìsinmi bá ti ń lọ sópin, ẹ lọ dúró ní gáréèjì Ìsarà, ẹ óò rí wọn. Àwọn ọmọ tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tí wọ́n di gààrí, mílíìkì àti Milo sínú àpótí, tí wọ́n ń padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan ń lọ sí Ṣágámù, àwọn kan Ìkẹ́nnẹ́, àwọn mìíràn Èkó tàbí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ wọn ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò ní dé gáréèjì lọ́jọ́ náà, nítorí láti àná ni orí ti ń fọ́ wọn, tí inú ń run wọ́n, tí ibà tí kò gbóná sì dá wọn dùbúlẹ̀. Ìyá á ní ọ̀lẹ ni. Bàbá á ní àkẹ́bàjẹ́ ni, á sì nawọ́ sí pàṣán. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ pé ta ló ń dúró dè é lẹ́yìn géètì iléèwé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìsarà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ìlú náà, sọ ọ́ nínú ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, Aké, tó jáde ní 1981. Ìsarà ló wà nígbà tí bàbá àgbà rẹ̀ ní kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lọ́rùn ọwọ́ àti lọ́rùn ẹsẹ̀. Kí ni ìdí rẹ̀? Bàbá àgbà mọ̀ pé iléèwé tí ọmọ yìí máa lọ, àwọn géńdé wà níbẹ̀ tí wọn yóò fẹ́ fìyà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn gbẹ́rẹ́ ló gbà á nímọ̀ràn pé kó má ṣe sá fún ìjà. Wọ́n lè lù ú lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n lè lù ú lẹ́ẹ̀kejì, kó ṣáà tún padà lọ bá wọn. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó ń fínràn ni yóò sá, tàbí kó gba ìyà tiẹ̀.

Bàbá náà gbọ́n. Ó mọ̀ pé ojo tí ẹlòmíràn ń ṣe ni oúnjẹ ẹni tó ń fìyà jẹ ni. Ohun tó tún ṣe tó dára jù ni pé ó bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀. Mélòó nínú àwọn òbí òde òní ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn pé kó padà lọ jà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún ọmọ yín. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ẹnì kan sí ẹnì kan mọ́. Ẹni mẹ́fà ló ń yí ọmọ kan ká lẹ́yìn tí wọ́n bá ti paná. Ọmọ tó bá sì padà lọ, apá kíkán ló lè gbé wálé.

*Eré ni àbí ìyà?*

Ọmọ ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí òun. Lọ́dún 1982, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta pa ara wọn ní orílẹ̀-èdè Norway, wọ́n sì fura pé ìyà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ń jẹ wọ́n ni. Ìjọba gbéra lọ́dún 1983, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Dan Olweus sì ṣiṣẹ́ ní iléèwé 42 ní ìlú Bergen. Láàárín ọdún méjì, ìwà náà dín kù tó bí ìdajì. Ohun mẹ́ta ló ní kí a máa wò: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n ń ṣe é léraléra, agbára àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba.

Ẹ fi èyí wo ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ méjì tó ń jà nítorí bọ́ọ̀lù, ìjà lásán nìyẹn. Orúkọ àdàpè tí àwọn méjèèjì jọ ń fi pe ara wọn rẹ́rìn-ín, eré ni. Ṣùgbọ́n síníọ̀ tó ń gba mílíìkì ọmọ kan náà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tó ń ní kó wà lórí ìkúnlẹ̀ lóru, tó ń fọ aṣọ fún un títí ọwọ́ fi bó? Ìyà nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin tó sọ fún gbogbo kíláàsì pé kẹ́nikẹ́ni má bá lágbájá sọ̀rọ̀, wọn kò gbá a létí, ṣùgbọ́n ìyà náà ni. (Àwọn òyìnbó tó kó àṣà kí júníọ̀ máa sin síníọ̀ wá síbí, wọ́n ti pa á tì nílé tiwọn. Àwa ló kù tí a ṣì ń fi í ṣe ẹ̀kọ́ ilé.)

*Ta ni olófòófó?*

Ọ̀rọ̀ kan ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ ju pàṣán síníọ̀ lọ: olófòófó. Ilé la ti kọ́ wọn. Ọmọ á wá fẹjọ́ sùn, a óò ní "Ìwọ náà má ṣàmẹ́bọ̀." Nígbà tó bá dé iléèwé, wọ́n á lù ú, á gbé e mì. Ó yẹ ká là á yé wọn: òfófó ni kéèyàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè na ẹlòmíràn, kéèyàn sọ̀rọ̀ kí ìyà lè kúrò lára ẹnì kan, òfófó kọ́ nìyẹn.

Lóṣù Kẹrin 2024, fídíò kan láti Lead British International School, l'Ábújá, tàn káàkiri: ọmọbìnrin kan ń gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí léraléra. Wọ́n ti iléèwé náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ tún fídíò náà rò. Ẹnì kan ló ń gbá etí, ẹnì kan ló ń jẹ ẹ́, àwọn tó kù ń wòran, ẹnì kan sì ń yà á. Ní Finland, àwọn òǹwòran gan-an ni wọ́n kọjú ètò tí wọ́n ń pè ní KiVa sí, nítorí ẹni tó ń fìyà jẹ ń ṣe é kí àwọn ẹgbẹ́ lè rí i ni. Ọmọ tó ń wòran kò ní láti jà. Ó lè pe tíṣà, ó lè fa ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu kúrò níbẹ̀, kó ní "Máa bọ̀, wọ́n ń pè ọ́."

Ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ gan-an, kó sọ ọ́ sókè pé "Mi ò fẹ́," kó sì rìn lọ síbi tí èèyàn wà. Kó sọ fún mátíróònù. Bí mátíróònù ò bá dá a lóhùn, kó sọ fún tíṣà, kó sọ fún purinsípà, kó sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹ bá wọn fi dánrawò nílé, ẹ ṣe bíi síníọ̀, kí ọmọ dá yín lóhùn. Ẹnu tí kò sọ ọ́ rí nílé lè má là lóru ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ yéé béèrè pé "Iléèwé ńkọ́?" "Dáadáa" ni wọ́n máa fèsì. Ẹ bi í pé ta ló bá jẹun, ta ló sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí ọmọ tí oúnjẹ oṣù kan tán fún lọ́sẹ̀ kan, tàbí èyí tí kò fẹ́ wẹ̀ lójú ìyá rẹ̀ mọ́. Bẹ́ ẹ bá rí nǹkan, ẹ má lọ gbá ọmọ ọlọ́mọ létí. Ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí purinsípà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ilẹ̀ wa ti 2003 ní kẹ́nikẹ́ni má pa ọmọ lára, ìbáà ṣe lára tàbí lọ́kàn.

Àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lóṣù Kọkànlá 2021, ọmọ ọdún 12 kan tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì Dowen College, ní Lẹ́kkí, kú. Ẹbí ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló lù ú. Iléèwé ní ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ló ti fara pa. Ìjọba Èkó ti iléèwé náà pa. Nígbà tó di oṣù Kínní 2022, ọ́fíìsì tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ní kò sí ẹ̀rí láti pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹbí kò gbà.

Bó bá wá jẹ́ ọmọ tiyín ló ń fìyà jẹ ọmọ ẹlòmíràn ńkọ́? Kò sí òbí tó fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ má bú purinsípà, ẹ má sì fi bẹ́líìtì lu ọmọ náà bolẹ̀, àbí níbo lẹ rò pé ó ti kọ́ ọ? Ẹ gbé e wọkọ̀ padà sí iléèwé. Gbogbo mílíìkì tó gbà, kó kà á jáde láti inú àpótí tirẹ̀, agolo kọ̀ọ̀kan, kó fi lé oníǹkan lọ́wọ́ lójú mátíróònù.