Àpáàdì Kì í Ṣe Ohun Ìdànù: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilẹ̀ tí Ó Yẹ Igi Inú Àwo



Ẹni tí ó bá gba Ọjà Ìpàta kọjá ní ìlú Ìlọrin nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ń palẹ̀ mọ́, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nǹkan ni a ń gbá dànù: èérún èédú tí ó kù sí ìsàlẹ̀ àpò, èèpo oríṣiríṣi, àti àfọ́kù ìkòkò. Láti inú ohun ìdànù wọ̀nyí ni a fẹ́ mú ẹ̀kọ́ wa jáde. Ó kan gbogbo ẹni tí ó ń gbin igi sínú àwo, àti ẹni tí ó fẹ́ gbìn ín ṣùgbọ́n tí a ti sọ fún pé iṣẹ́ olówó ni.

Iṣẹ́ tí a ń wí ni èyí tí àwọn ará Jàpáàn ń pè ní bonsai, èyí ni, ohun tí a gbìn sínú àwo pẹrẹsẹ. Igi tí ìbá di ńlá nínú igbó ni a ń gbìn sínú àwo tí kò jìn, tí a ń gé ẹ̀ka àti gbòǹgbò rẹ̀ ní àkókò wọn, títí yóò fi ní ìrísí àgbà igi, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ lè gbé e. Iṣẹ́ náà ti pẹ́ láyé. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, nínú ibojì ọmọ ọba kan tí a kọ́ ní ọdún 706, àwòrán ìránṣẹ́ kan wà lára ògiri, tí ó gbé àwo tí òkúta àti igi kékeré wà nínú rẹ̀. A kò sì nílò igi òkèèrè láti ṣe é. Ọ̀dán tí ń ṣíji bo ọjà wa gbà á, oṣè gbà á, àjàgbọn náà gbà á.

Ilẹ̀ ni ìṣòro. Ohun tí àwọn ará Jàpáàn ń lò ni akadama, amọ̀ pupa oníkókó tí ó ti ara eérú òkè tí ń yọ iná wá. Láti ra irú rẹ̀ kí a sì gbé e la òkun kọjá dé Ìlọrin, owó ńlá ni. Ẹni tí ó ní owó ilé-ìwé ọmọ láti san kò gbọdọ̀ fi ra amọ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ṣe bí àwa náà ti ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀: a bu ilẹ̀ dúdú láti inú ọgbà, a sì kún inú àwo. A rò pé ilẹ̀ tí ó mú iṣu jáde kò lè kọ igi kékeré. Ṣùgbọ́n ní àárín òjò, ewé ọ̀dán wa pọ́n, ó sì ń rẹ̀ dànù. Nígbà tí a hú u, gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń rùn. Omi ni ó pa á.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ẹ mú ègé fóòmù kan tí ó gùn tí ó sì pẹlẹbẹ. Ẹ rì í sínú omi títí yóò fi mu yó, kí ẹ sì gbé e ní ìdùbúlẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ títí omi yóò fi dẹ́kun kíkán. Nígbà náà ẹ gbé e dúró ní òòró: omi yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Gíga rẹ̀ nìkan ni ó yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ inú àwo rí. Omi a máa dúró ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé ìwọ̀n kan tí kò ní gba ihò jáde, bí ilẹ̀ bá sì ti kúnná tó ni omi náà yóò ti ga tó. Nínú ìkòkò jíjìn, gbòǹgbò ṣì ní àyè lókè omi. Nínú àwo tí kò jìn ju ìka mẹ́ta lọ, omi lè gba gbogbo àyè. Gbòǹgbò sì ń mí bí àwa ti ń mí. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́, yóò jẹrà. Àwọn kan a máa tẹ́ àpáàdì sí ìsàlẹ̀ àwo, kí wọ́n tó da ilẹ̀ kíkúnná lé e. Èyí kò wo àrùn náà sàn, nítorí orí àpáàdì náà ni omi yóò tún dúró sí. Gbogbo inú àwo ni èérún gbọ́dọ̀ wà.

Ní Dàda ní Òkèlele, ní ìlú Ìlọrin yìí kan náà, àwọn obìnrin amọ̀kòkò ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò, wọ́n sì ń fi iná sun ún ní gbangba. Gbogbo wa ni a mọ amù: omi inú rẹ̀ a máa tutù, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni omi ń gba ara ìkòkò jáde, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ pẹ̀lú ooru. Ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí wà lára irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Bí a bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́, èérún kọ̀ọ̀kan yóò mu omi pamọ́ sínú, afẹ́fẹ́ yóò sì máa gba àárín wọn kọjá. Iṣẹ́ méjì wọ̀nyí gan-an ni akadama ń ṣe. Pẹ̀lúpẹ̀lù, akadama a máa rún lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ tí iná bá ti jẹ dáadáa kò tún padà di ẹrẹ̀ mọ́.

Báyìí ni a ó ṣe é. Ẹ kó àfọ́kù ìkòkò amọ̀ lásán. Àwo dídán kò mu omi. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ sì da èyí tí ó bá rọ̀ nù, nítorí iná kò jẹ ẹ́ tó. Ẹ di èyí tí ó kù sínú àpò àtijọ́, kí àfọ́kù má baà ta sí ojú, kí ẹ sì fi òòlù lù ú. Ẹ fi ajọ̀ jọ̀ ọ́: èyí tí ó tó ọkà bàbà títí dé èyí tí ó tó ẹ̀wà ni kí ẹ mú. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni ọ̀tá wa, ẹ dà á nù, kí ẹ sì fi omi ṣan èyí tí ó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ po agolo mẹ́ta àpáàdì pọ̀ mọ́ agolo kan èérún èédú tí a ti ṣàn, àti agolo kan ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà tán. Fún oṣè, tí kò fẹ́ omi púpọ̀, ìlàjì agolo ajílẹ̀ tó. Bí àpáàdì bá wọ́n, yangí tí a jọ̀ tí a sì fọ̀ lè dípò apá kan rẹ̀. A lè fi yanrìn odò Asà tí kò kúnná kún un pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ó má pọ̀, nítorí yanrìn kò pa omi mọ́ sínú ara rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta. Ẹ má ṣe fi eérú sí i, nítorí agbára inú eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú yóò ba gbòǹgbò jẹ́. Ẹ má ṣe lo èèpo ìrẹsì tàbí ìyẹ̀fun pákó ní tútù, nítorí àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń mú wọn jẹrà yóò kọ́kọ́ gba oúnjẹ igi. Ẹ má ṣe lo ìgbẹ́ màlúù tútù, nítorí yóò jó gbòǹgbò. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àpáàdì kò ní oúnjẹ nínú: ẹ máa fi omi ajílẹ̀ tí a là rin igi náà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa wò ó lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí àwo náà yóò tètè gbẹ.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ohun gbogbo bọ́ lọ́wọ́ Jóòbù, àpáàdì ni ó rí mú. Ẹ má ṣe gan ohun tí ó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: ìkòkò tí ó fọ́ nínú iná, òfò amọ̀kòkò ni. Ẹni tí ó bá lọ kó àfọ́kù ní ẹbu, kí ó má ṣe kó o lọ bí ẹni tí ó rí he; kí ó fi owó díẹ̀ lé ìyá náà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni igi wa yóò yè, tí owó ilé-ìwé yóò wà ní ipò rẹ̀, tí ẹni tí ó fi ọwọ́ mọ ìkòkò náà yóò sì jẹ nínú èrè rẹ̀.